Ẹgbẹ̀rún Lọ́nà Ọgọ́rùn-ún Tí Wùnmí Dá Padà

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nírọ̀lẹ́ Sunday náà, oorun sì ń kun Wùnmí lórí tábìlì ìjẹun nílé wọn ní Cheverly, ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ fọ́tò Ọpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ ìtàn tí yóò fi sílẹ̀ fún olùkọ́ lọ́la ló wà níwájú rẹ̀: àgbègbè oko kan ní Íńdíà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí àti iye ènìyàn ibẹ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, kíláàsì yunifásítì tí wọ́n ti mú un fún nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ti ya odò, ó ti to orúkọ abúlé. Iye ènìyàn ló kù. Ìwé ìkànìyàn àtijọ́ ní wọ́n jẹ́ 250,000 lọ́dún 1891. Ní 1901, 200,000. Wùnmí ní akọ̀wé ló ṣì í kọ, nítorí ènìyàn a máa bí sí i ni. Àlàyé wà ní ojú ìwé méjìlá tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Zoe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé olùkọ́ kì í yẹ iye wò. Ló bá kọ 300,000 fún 1901. Àárẹ̀ kì í gbani nímọ̀ràn rere.

Ní Wednesday, olùkọ́ pè é jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ìyàn àti àrùn ló pa àwọn ènìyàn yẹn. Níbo ni Wùnmí ti rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó dá padà sáyé? Òdo ló gbà. Kíláàsì yunifásítì bọ́.

Màmá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Fort Washington, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Wùnmí jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá ò pariwo. Ó yíjú sí fọ́tò Ọpẹ́.

"Nílé wa, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ," ló wí. "Àmọ́ ní clinic wọ́n bi mí, ọmọ mélòó? Mo ní méjì, ẹ̀yin tó wà láàyè. Ó dùn mí gan-an. Bí ẹnì kan bá lọ kọ mẹ́ta síbẹ̀ kí form yẹn lè dáa, ṣé Ọpẹ́ á jí?"

"Rárá, mà."

"Lọ kà á, kó o mọ ohun tó pa wọ́n."

Wùnmí ka ojú ìwé méjèèjìlá, ó sì tún iṣẹ́ náà kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí máàkì kankan fún un mọ́. Ènìyàn ni iye tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá rẹ̀, kó sinmi. Kó má parọ́ mọ́ òkú.