Ohun Tí Dosi Ń Bọ́ Nínú Ọ̀sà

Àpò kejì nìyẹn. Moyọ̀sọ́lá fẹ̀yìn ti igi àgbọn kan létí èbúté Ajara, ó ń wo Dosi apẹja lórí omi. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ onígi rẹ̀ dé ibi tó ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sí láàárín ọ̀sà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tú ohun tó wà nínú àpò dà sómi. Lẹ́yìn náà, ó fi àjẹ̀ kan ara ọkọ̀, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Omi ibẹ̀ ru díẹ̀. Dosi rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá omi sọ̀rọ̀ lédè Ègùn.

Ta ní í bá omi sọ̀rọ̀?

Gbogbo ọmọ Ajara ló mọ̀ pé akaja ni àwọn Ègùn ń pe irú igbó ẹ̀ka igi bẹ́ẹ̀. Ẹja a máa sá sábẹ́ rẹ̀, wọn a máa sanra níbẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi fi àwọ̀n yí i ká. Kó tó dìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Màrìwò tí wọ́n so mọ́ ọn ti tó ìkìlọ̀. Moyọ̀sọ́lá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni ti àpò? Agatha ìyá rẹ̀, tó ń yan ẹja tà, ti ń ra ẹja lọ́wọ́ Dosi kí wọ́n tó bí i, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àpò rí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ọmọ yìí kò tíì dàgbà tó fi ń mu oògùn ọ̀hún ní àmujù.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù o, bí orí rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìtàn ayé tí ń bọ̀ ló fẹ́ máa kọ, ìtàn ọkọ̀ tó ń fò lọ sínú ìràwọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn. Bí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé, etí òkun ló ń gbà lọ, a máa ṣa ohun tí ìgbì bá gbé gúnlẹ̀: ìdérí ike, rédíò tó ti dípẹtà, ìgò tí wọ́n kọ èdè Faransé sí lára. A tú rédíò náà palẹ̀, a to ìfun rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí akàn tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ó sọ ọ́ di ọkọ̀ àwọn ará òṣùpá. Ó wá rí Dosi tó ń da àpò sómi, ó ní ẹ̀rọ kan ló já láti ojú ọ̀run, ó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, ebi sì ń pa á.

Ìtàn náà dùn. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, kì bá tí burú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Wọn kò jẹ́ kó dé àárín.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Safiyat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí. "Akàn ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ti dé òṣùpá báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn nù láti lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Moyọ̀sọ́lá wọra. Kó tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ìtàn. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Dosi ń bọ́ nǹkan kan nínú ọ̀sà, nǹkan náà sì ń dá a lóhùn."

Wọ́n padà jókòó.

"Búra," ni Safiyat wí.

Moyọ̀sọ́lá fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè. "Mo búra."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọn kò fetí sí i bẹ́ẹ̀ rí láyé, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí èyí máa fi dé ọjà, ó ti hu ìrù. Nígbà tó máa fi dé Iworo, wọ́n ti ní orí èèyàn ló wà nínú àpò. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí Dosi bá ń kọjá. Àní Agatha, tó ní òun mọ Dosi bí ẹni mowó, bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn ẹja, á wo inú rẹ̀ dáadáa kó tó tò ó sórí ààrò. Moyọ̀sọ́lá rí i. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó rántí ẹ̀rín abẹ́ igi máńgòrò, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Rewájú, olórí àwọn ọ̀dọ́ Ajara, kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ tú akaja náà. Dosi wà ní Topo níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Wọ́n ń fa ẹ̀ka igi tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹja ńláńlá ń fò sókè, wọ́n ń sá lọ sójú agbami. Àpò kan ṣoṣo tí Dosi so mọ́ ẹ̀ka igi ni wọ́n rí níbẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ àti eèrí ló sì kún inú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ ni Dosi wa ọkọ̀ dé bá wọn. Kò pariwo. Ó wo omi, ó wo gbogbo èrò tó wà ní èbúté.

"Ẹja tí mo fẹ́ fi ṣe òkú ìyá mi nìyẹn," ó wí, Yorùbá rẹ̀ mú ohùn Ègùn dání. "Mò ń fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n lè sanra. Mò ń kan ọkọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé oúnjẹ dé. Mo máa ń wo ọ̀tún wo òsì torí pé bí ẹlòmíì bá gbọ́ bí mo ṣe ń kàn án, tó lọ kàn án bẹ́ẹ̀, ẹja á jáde sí i. Ta ló sọ pé orí èèyàn ló wà nínú àpò mi?"

Rewájú tọ́ka sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn tọ́ka sí Safiyat. Safiyat kò tọ́ka sẹ́nì kankan, ó kàn wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Moyọ̀sọ́lá ló búra," ó wí.

Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá Dosi, irọ́ ni mo pa. Ìtàn tí mo rò ni. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo fi ní òótọ́ ni. Ẹ má bínú."

Dosi mú ẹ̀ka igi kan lójú omi, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀. "Mo ti gbọ́," ó wí. "Ẹja ò lè gbọ́."

Ẹja inú yìnyín ni Dosi rà lọ́jà fi ṣe òkú ìyá rẹ̀. Agatha ló sè é, Moyọ̀sọ́lá ló ń gbé e fún àlejò. Ìyá arúgbó kan láti Topo fi ìka yí ẹja inú àwo rẹ̀ padà, ó gbójú sókè.

"Dosi, ṣé ọ̀sà gbẹ ni?"

Dosi doríkodò. Moyọ̀sọ́lá dúró pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́, ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Ó ṣì ń kọ ìtàn o. Ó ṣì ń ṣa rédíò létí òkun. Ṣùgbọ́n kó tó ka èyíkéyìí fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò, á kọ́kọ́ ní, "Mo rò ó ni, n kò rí i." Àwọn kan á lọ, àwọn kan á jókòó, Safiyat sì máa ń jókòó. Ó ti yé Moyọ̀sọ́lá pé àròsọ tí a bá ti búra lé lórí ti di irọ́, àti pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni irọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti àwọn èèyàn Rewájú máa ń gé ẹ̀ka igi lọ bá Dosi, wọ́n á bá a rì í mọ́lẹ̀ padà. Kì í lé wọn. A máa dúpẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan àpò, kì í sì í kan ọkọ̀ níṣojú wọn. Ìgbà tí Moyọ̀sọ́lá bá ti gúnlẹ̀, tó ti ń rìn lọ sílé, ló tó máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn: kọ́, kọ́, kọ́. Kì í wẹ̀yìn.