Owú Kì Í Hàn Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ọwọ́ ọkùnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò ni Lubna kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú rẹ̀. Kùrukùru òwúrọ̀ ti bo odò Padma àti gbogbo ìlú Rajshahi mọ́lẹ̀, òtútù ń wọ egungun, ọkùnrin náà sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá bí adìẹ tó ń sàba. Ó ní òun kì í fi ọwọ́ tútù di apá aláìsàn mú.

"Ẹ jókòó, ẹ mí kanlẹ̀," ló wí. "Bí ẹ bá ń gbọ̀n báyìí, ọ̀kan nínú àwọn họ́mónù tí dókítà fẹ́ wò á kàn fò sókè lásán, ẹ̀jẹ̀ yín á sì parọ́ fún wa."

"Ẹ̀jẹ̀ náà ń parọ́?"

"Bí ẹ̀rù bá bà á. Tèmi gan-an ń parọ́ lọ́wọ́ báyìí."

Lubna rẹ́rìn-ín. Kó tó mọ̀, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó sì ti jáde.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Lubna, ó ń ya ẹyẹ àti òdòdó sára aṣọ ṣẹ́dà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń wé mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò fún un ní àlàáfíà. Nǹkan oṣù rẹ̀ lè lọ fún oṣù mẹ́ta kó má yọjú. Bó bá wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó dé, ìbànújẹ́ á rọ̀ lé e lórí, á máa sunkún láìsí ẹni tó nà án. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kejì nǹkan oṣù, kó tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tó padà lọ, Mahfuz, ìyẹn ọkùnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀, béèrè bóyá ó ti jẹun. Kò tíì jẹun. Wọ́n jọ rìn lọ sí etí odò, wọ́n jẹ ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà pò. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Ìwọ tí ò ń ya ẹyẹ," Mahfuz á wí, "ìgbà wo lo máa ya èmi?"

"Imú ẹ nìkan á gba odindi sárì kan. Ibo ni màá ti rí aṣọ fún ìyókù?"

Ìfẹ́ ń dùn bí oyin, àfi ìgbà tí Dilara wọ inú rẹ̀.

Obìnrin gíga kan ni Dilara, ẹ̀gbà wúrà kún ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ti dé sí ilé àyẹ̀wò, Mahfuz á pe orúkọ rẹ̀ lójú Lubna, á sì mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Lọ́jọ́ kan tí Mahfuz àti Lubna jókòó sí etí odò, fóònù Mahfuz dún, Lubna sì rí orúkọ Dilara lójú rẹ̀. Mahfuz dìde, ó lọ sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ta ni?"

"Aláìsàn kan ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mi ò lè sọ fún ọ, olólùfẹ́ mi."

Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìwọ̀nba tí Lubna ní, owú jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mu tíì níwájú ilé àyẹ̀wò, tíì tí kò fẹ́, kó lè máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí Dilara tó di ọwọ́ Mahfuz mú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sunkún. Mahfuz kò sì fa ọwọ́ náà gbà.

Lubna ò jẹ́ kó pẹ́. "Ọwọ́ tó o fi ń mú mi lo fi ń mú òun náà."

"Kì í ṣe bó o ṣe rò ó."

"Sọ bó ṣe jẹ́ nígbà náà."

Mahfuz mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì wí ohun tí kò yẹ kó wí. "Lubna, ṣé ọ̀sẹ̀ tí inú rẹ máa ń bàjẹ́ yẹn ló tún dé ni?"

Lubna kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ká etí sárì rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà, ìyá àgbàlagbà kan, kà á fún un. Ilé ẹyin rẹ̀ ń lọ́ra, àwọn họ́mónù rẹ̀ kò sì gún régé. Oògùn wà tí yóò máa lò. Kò yàgàn, àmọ́ ọmọ lè pẹ́.

"Dókítà, ṣé òun náà ló ń jẹ́ kí n máa jowú?"

Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó lè mú kí ìbànújẹ́ rẹ le ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n owú? Mi ò tíì rí ìgò tí wọ́n ń gba ìyẹn sí. Ẹni tó ń mú ọ jowú ni kó o lọ bá sọ̀rọ̀."

Lubna kò lọ. Ẹlòmíì ló wá. Ìyá Mahfuz wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò wo sárì kankan, ó jókòó ti Lubna.

"Ọmọ mi ò jẹun dáadáa mọ́," ló wí. "Mo gbọ́ pé ilé àyẹ̀wò lẹ ti pàdé. Mo bi í, àìsàn wo ló gbé ọ débẹ̀? Mo fi pẹ̀lẹ́ bi í, mo sunkún, mo ní mi ò ní wá tọrọ rẹ láyé bí kò bá sọ. Ó ní kí n má wá nígbà náà, òun ò ní sọ. Ọmọ tí kì í fi nǹkan pamọ́ fún mi láti kékeré."

Lubna gbé búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu tó dé pa lórí Dilara, ẹnu yẹn náà ló dé pa lórí òun, lójú ìyá tó bí i. Ojú tì í.

"Khala," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, "èmi fúnra mi á sọ fún yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, nǹkan oṣù, ẹkún, oògùn, àti pé ọmọ lè pẹ́.

Ìyá náà sún mọ́ ọn. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi retí Mahfuz. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Èébú ni wọ́n fi tọ́jú mi." Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ọ̀dà ìyàwòrán sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Má bínú pé mo béèrè."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lubna lọ sí ilé àyẹ̀wò. Dilara ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Lubna kí i, ó sì kọjá wọlé. Mahfuz ti rí àwọn méjèèjì.

"O ò ní bi mí?"

"Ó ń yún mi lẹ́nu bí ata. Ṣùgbọ́n mi ò ní bi ọ́."

"Èmi ni mo jẹ̀bi jù," ni Mahfuz wí. "Mo fi àṣírí rẹ pamọ́ fún ìyá mi, mo wá fi í gbá ìwọ gan-an lójú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ mọ́ láyé."

"Bí o bá tún ṣe é, màá ya imú ẹ sára sárì, màá sì gbé e kọ́ sáàárín ọjà."

"Ṣé ìyá mi lè wá sílé yín lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Kí wọ́n tètè dé. Bàbá mi kì í fẹ́ràn ẹni tó bá pẹ́."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí máńgòrò ń pọ́n. Dilara wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Títí di òní, Lubna kò mọ ohun tó gbé obìnrin náà lọ fún àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà yẹn. Owú ṣì ta á díẹ̀ nígbà tó rí i tó ń bọ̀ láàárín èrò. Ó sún lórí ìjókòó ìyàwó, ó fi ọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kó wá jókòó ti òun.