Ikú Ẹja Ìyá Benjamin

Gbogbo ẹja náà ti kú kí Ọmọ́yẹlé tó débẹ̀. Wọ́n léfòó nínú táǹkì oníke tó wà lẹ́yìnkùlé, ikùn wọn kọjú sókè, ikun bò wọ́n lára bí ìfófòó ọṣẹ.

Ọlọ́pàá Kábà ni Ọmọ́yẹlé, ó sì ti ní ipò ìnspẹ́kítọ̀. Kẹ́mísìrì ló kà ní yunifásítì kó tó wọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ló gbé e dé ìlú Ekinrin-Adde, ọ̀rọ̀ Boaz ni. Oko Boaz pààlà pẹ̀lú ilé yìí, àwọn èèyàn sì rí i lánàá tó ń fín oògùn apakoríko. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí wọ́n bá òkú ẹja, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lù ú bí ẹni lu bàrà. Àwọn tó lù ú ti wà ní àtìmọ́lé. Boaz alára wà lọ́sibítù, kò mọ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀.

"Ẹ okun o, Màmá," ni Ọmọ́yẹlé wí, bí wọ́n ti ń kíra lágbègbè náà.

"Okun, ọmọ mi." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Lucy, opó tó ni ẹja, jókòó sí. "Boaz ti pa mí. Ẹja yìí ni mo fi ń sanwó iléèwé Benjamin, ọmọkùnrin mi, ní yunifásítì."

Ayọ̀kẹ́mi, ọmọbìnrin rẹ̀, dúró ti táǹkì. Ewúrẹ́ kan ń lá etí táǹkì níbi tí omi ti gbẹ mọ́ ọn tó sì funfun. Ayọ̀kẹ́mi ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ta ló ni ewúrẹ́?"

"Tèmi ni, mà. Ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo fi mílíìkì wò ó dàgbà."

Olúṣínà, àbúrò ọkọ Lucy, wọlé pẹ̀lú ìbínú. "Kí lẹ tún ń wádìí? Ṣebí Boaz náà ni."

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín fa ilẹ̀ yìí."

"Ilẹ̀ bàbá wa ni! Mo ní kó kó ẹja rẹ̀ kúrò, mi ò sọ pé kí ẹja kú. Ìsìnkú ni mo lọ ní Kábà lánàá, ibẹ̀ ni mo sùn."

Ọmọ́yẹlé pe Kábà. Pásítọ̀ tó gbà á sílé jẹ́rìí sí i.

Ó wá so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù kékeré inú tọ́ọ̀ṣì. Ó ti ẹnu wáyà méjèèjì bọ omi kànga tí wọ́n ń pọn sí táǹkì. Kò tàn. Ó tì í bọ omi táǹkì.

Iná tàn.

"Èèmọ̀!" Olúṣínà fò sẹ́yìn.

Ọmọ́yẹlé gbé díẹ̀ nínú omi náà kaná títí ó fi gbẹ. Nǹkan funfun ló kù nídìí páànù. Iná ń jó o, kò yọ́, kò dúdú. Ká ní ṣúgà ni, ì bá ti di èédú.

"Iyọ̀ ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn apakoríko," ó ní. "Màmá, níbo lẹ ń kó iyọ̀ sí?"

"Iyọ̀ tí a fi ń fọ ikun ẹja? Ó wà nínú yàrá ẹrù. Èmi, Ayọ̀kẹ́mi àti Olúṣínà la ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀."

Àwọn àpò náà kún dáadáa. Ọmọ́yẹlé ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Iyọ̀ wà lókè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́búlẹ́bú igi ló kún ìsàlẹ̀.

Ó padà sídìí táǹkì.

"Ayọ̀kẹ́mi, gbogbo ayé ń pariwo májèlé. Ewúrẹ́ tí o fọwọ́ ara rẹ wò ń lá etí táǹkì, o ò lé e. O mọ̀ pé kò ní pa á."

Ọmọbìnrin náà ń wo gílóòbù.

"Átọ́ọ̀mù sódíọ́ọ̀mù ní ẹlẹ́kítíróònù kan ṣoṣo níta ara rẹ̀," ó ní. "Kulóríìnì sì ku ẹyọ kan kó pé. Sódíọ́ọ̀mù á yọ tirẹ̀ fún un. Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á wá fa ara wọn mọ́ra, ni wọ́n bá di iyọ̀. Tí wọ́n bá dénú omi, wọ́n á tú ká, wọ́n á sì máa gbé iná kiri. Ti ṣúgà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù tiẹ̀ jọ ń lo ohun tí wọ́n ní ni, kò sẹ́ni tó já tẹnìkejì gbà." Ó gbójú kúrò lára gílóòbù. "Ibi tí mo kà á dé nìyẹn kí Màmá tó yọ mí níléèwé."

"Ayọ̀kẹ́mi!" Lucy figbe ta.

"Nígbà tí ẹ lọ ìpàdé àdúrà lálẹ́ àná ni mo da iyọ̀ náà sí i. Èmi ni àkọ́bí yín, Ìyá Benjamin ni wọ́n ń pè yín. Mo bẹ̀ yín pé kí n padà síléèwé. Ẹ ní ta ni yóò máa bọ́ ẹja. Mo ní bí kò bá sí ẹja mọ́, bóyá ẹ ó rí mi."

Fóònù Ọmọ́yẹlé dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó rọra fi sápò.

"Boaz ti kú."

Ayọ̀kẹ́mi di táǹkì mú. "Mi ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé òun ni."

"O ò sì sọ pé kì í ṣe òun."

Lucy dìde nílẹ̀, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. Ọmọ́yẹlé rò pé ọmọ ló fẹ́ lọ gbá mọ́ra. Apá ọlọ́pàá ló wá dì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "Benjamin ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́."

Ayọ̀kẹ́mi wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ọlọ́pàá.