Iná Pupa tí Ọláìyá Fi Ońdè Bò

Láyé ìgbà tí owó epo ń ṣàn, Ọláìyá ará Arandun ra ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù gbọọrọ tó ń fà lẹ́yìn. Iṣu Òkè-Ọdẹ ló fi ń kó wá sí Ọ̀mù-Àrán, ilẹ̀ kò sì gbà á mọ́.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn ọkọ̀ náà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àpótí yìí ni yóò rán iná mànàmáná gba inú wáyà lọ di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹ̀yìn mú, kó má baà ti ọkọ̀ ṣubú. Bí wáyà bá já, iná pupa á tàn lára àpótí náà.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ẹrẹ̀ ọ̀nà Òkè-Ọdẹ já wáyà náà. Jòhánù, awakọ̀ onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Ọláìyá ní ońdè awọ òun ju bíréèkì òyìnbó lọ. Nítorí pé iná pupa yẹn ń já àwọn èrò láyà, ó so ońdè náà kọ́ síwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí iná mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Nímọ́tà oníṣu jókòó tì í. Bí wọ́n ti dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ sí Arandun, ọkọ̀ mì, ońdè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ni iná pupa yẹn ń wí?"

"Kò wí nǹkan kan," ni Ọláìyá dá a lóhùn, ó sì fọwọ́ da ońdè padà.

Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn fi gbogbo ìwúwo iṣu tì í wọ kòtò. Ọláìyá jáde láìfarapa. Nímọ́tà kú síbẹ̀.

Ó sọ fún Ràímì, ọkọ olóògbé, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ràímì gbà bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún un. Láti ìgbà náà, lọ́sàn-án gangan, bí Ọláìyá bá ti dijú, iná pupa á tàn. Bó bá ń fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tẹ́jú, á gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ń yí bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan á sì máa béèrè ìbéèrè kan náà. Ó ra ońdè kún ońdè, iná náà kò kú.

Nígbà tó sú u, ó lọ jẹ́wọ́ fún Jòhánù, ó ní kó bá òun wá ohun tí yóò bo iná náà.

"Ọláìyá, bíbò ló pa Nímọ́tà," ni Jòhánù wí. "Jésù kì í báni gbé ẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́. Ṣí i sílẹ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wẹ̀ ẹ́ nù."

Wọ́n kúnlẹ̀ ní gáréèjì, Ọláìyá sì sunkún tọrọ àánú. Nígbà tó dìde, ó já gbogbo ońdè rẹ̀ dànù, ó lọ sọ òtítọ́ fún Ràímì. Ràímì wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ọláìyá dúró síta, ó ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, kò sì sá. Ọlọ́run ti dárí jì í, àmọ́ Nímọ́tà kò ní padà wálé mọ́.

Ìwọ tí ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ, kí lo so kọ́ síwájú iná tìrẹ? Ṣé ọtí ni, àbí ipò tí wọ́n fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì? O mọ̀ pé iná náà ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọláìyá rí àyè ronú pìwà dà. Nímọ́tà kò rí àyè gbọ́ èsì ìbéèrè rẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yẹn, ké pe Jésù báyìí, nítorí o kò mọ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tìrẹ wà.