Ohun Tí Wòsílátù Kò Gbọdọ̀ Sọ

Kì í ṣe àlọ́, n kò sì fi iyọ̀ kún un. Ojú àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣe, lọ́sàn-án gangan, ní Accra.

Wòsílátù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Cow Lane níbẹ̀, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ikọ́ fée, irú èyí tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo bí oògùn náà ṣe ń dì. Ó ń di hóró bí iyọ̀, hóró róbótó, èyí tó lè dé ìsàlẹ̀ àyà. Sherifa, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún láti fi dán an wò. Ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn tẹ́lẹ̀ ti ń sáré.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Wòsílátù wo ojú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Hóró náà ti gùn. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, irú èyí kò sì lè dé ìsàlẹ̀ àyà. Ó po òmíràn. Abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n fọ gbogbo ilé. Abẹ́rẹ́ ni.

Àlàyé kì í wọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Ọlábùnmí, ní bí irú tuntun bá ti yọjú, eruku rẹ̀ a máa ran ti àtijọ́.

"Pe Kumasi. Tiwọn á ṣì dáa."

Ó pe Bùràímọ̀, akẹgbẹ́ wọn níbẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn láti Accra, eruku kankan kò lè bá a débẹ̀.

"Tèmi dáa, Sísítà. Mo ń wò ó lọ́wọ́. Báwo ni tiyín ṣe rí?"

Wòsílátù ṣàpèjúwe rẹ̀: ó gùn, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú.

Bùràímọ̀ tún bojú wo awò tirẹ̀.

"Ei, Sísítà," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tèmi náà ti di abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ má sọ ọ́ mọ́."

Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó gba oògùn náà dá a padà. Wòsílátù kò dá ti Sherifa padà, torí hóró róbótó àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé ọmọ yẹn lọ́wọ́ rí tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró, ẹ̀rù yẹn kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Ó pa ẹnu mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé ọmọ já, kò jẹ́ sọ pé kó bá òun mú abẹ́rẹ́ wá, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn, ínhélà tí ọmọ fi ń fa oògùn náà a sì máa wà láàrin wọn, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Sherifa jókòó sétí ibùsùn, ó ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Mama, ẹ sọ̀rọ̀ lójú oorun, o."

"Kí ni mo sọ?"

"Abẹ́rẹ́. Ẹ ṣáà ń sọ bó ṣe rí."

Ọmọ náà tún húkọ́. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú ínhélà rẹ̀, ó fi sẹ́nu.