A Ò Tọrọ Orin ní Deido

Ìjà ni Ekedi àti Ngalle fi bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, nítorí ẹ̀yìn Ekedi gan-an ni mo tò sí.

Òjò ń rọ̀ ní Akwa, láàárín ìlú Douala, lọ́jọ́ náà, ìlà wa sì gùn kọjá ilé búrẹ́dì. Ebellé Ngosso ń bọ̀ wálé! Láti ìgbà tó ti lọ sí Paris, orin rẹ̀ la fi ń ṣe ìgbéyàwó, òun la fi ń sin òkú, òun la fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọmọ àdúgbò Deido ni, àwa náà ọmọ Deido ni. Ekedi ni olórí ẹgbẹ́ àwa tí a fẹ́ràn orin rẹ̀. Ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ìkòríta wa. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán, tó bá sì ń rìn bọ̀, wàá rò pé òun ló ni ọ̀nà.

Nígbà tó kàn án, ó tẹ orí sí fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Èyí tó kéré jù, èló ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nínú ibẹ̀ kò gbójú sókè. "Ìdúró lẹ́yìn pátápátá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fáránkì. Ìjókòó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Tábìlì iwájú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ."

"Ẹ tún un sọ. Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa."

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti dúró?" Ekedi fi ọwọ́ kan àyà. "Ẹ̀yin èèyàn! Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró níbí lọ́fẹ̀ẹ́!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, sisí, èmi kọ́ ni mo fi iye sí i."

"Ta ni? Ṣé Ngosso yóò gbé mi sórí itan ni, kó wá máa kọrin sí mi létí?"

Ọmọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Mo rí i bí ẹ̀rín náà ṣe dúró lágbede méjì, tó ń wo Ekedi bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nílùú tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Ekedi kò rí i. Ó ti kọjú sí wa. "Ará Deido, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n fẹ́ ta ọmọ wa fún wa. Ẹni tó bá lówó, kó dúró. Èmi ń lọ sílé."

Ó lọ. Àwa náà tẹ̀ lé e, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ìlà fi di èèyàn méjì àtààbọ̀. Inú bíbí náà pọ̀ débi pé Ekedi gbàgbé agbòjò rẹ̀ sẹ́nu fèrèsé.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù oògùn wà lára agbòjò náà. Ní ọjọ́ kejì, Ngalle, ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà, gbé e wá.

"Mo mú agbòjò yín wá, sisí."

"Ẹ ṣeun. Èló lẹ fẹ́ gbà lórí ẹ̀?"

"Ṣé ti ìdúró ni, àbí ti ìjókòó?"

Ekedi gbìyànjú láti di ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣẹ́gun rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ara Ngalle kò yá mọ́. Lónìí, orí ń fọ́ ọ. Lọ́la, ẹ̀yìn ń dùn ún. Tó bá di ọ̀tunla, ìka ẹsẹ̀ ni. Ekedi á máa ta oògùn fún un, á sì máa pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ngalle, bí gbogbo àìsàn tó o kà fún mi yìí bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ ká ti sin ẹ́."

"Mi ò tíì sọ èyí tó le jù nínú wọn."

"Èwo nìyẹn?"

"Ọkàn mi ni."

Ó wò ó títí. "A ò ní oògùn ìyẹn níbí. Jókòó kí n palẹ̀ mọ́, ká lọ jẹ ẹja lọ́dọ̀ ìyá mi."

Màmá Ebenye, ìyá rẹ̀, ń yan ẹja ní òpópónà tí gbogbo Deido ti ń jẹun. Opó ni, Ekedi nìkan ló bí. Ó gbé ẹja àti míọ́ńdò, ẹ̀gẹ́ tí a fi ewé wé, síwájú àlejò rẹ̀, ó wò ó bó ṣe ń jẹun, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá béèrè ọmọ ta ni.

"Bàbá mi ti kú, Màmá. Ekwalla, àbúrò wọn, ló tọ́ mi."

Ọwọ́ Màmá Ebenye dúró lórí iná. "Ekwalla tó ń gbé eré Ngosso kalẹ̀? Ekwalla tó ń ta orin bíi wúrà?"

"Òun ni, Màmá. Mo sọ fún wọn pé iye yẹn ti pọ̀ jù. Wọn ò gbọ́."

"Ó dáa. Jẹ ẹja rẹ tán, ọmọ mi. Tó o bá jẹ ẹ́ tán, a ó wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí."

Ní tòótọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ò tà. Wọ́n lẹ àwòrán Ngosso mọ́ gbogbo ògiri, wọ́n fi mọ́tò kéde títí ohùn akéde fi há, ṣùgbọ́n inú páálí tí tíkẹ́ẹ̀tì wà ló ṣì wà. Àwọn ọlọ́rọ̀ àdúgbò Bonapriso ra díẹ̀ nínú ti tábìlì. Ti àwa yòókù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Rédíò àdúgbò wá pe Ekedi. Wọ́n ní kó sọ tinú rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

"A nífẹ̀ẹ́ Ngosso," ló wí. "Nígbà tí kò ní bàtà, àwa la jó fún un. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Owó oúnjẹ ọmọ wa kọ́ la ó fi lọ dúró lẹ́yìn ọwọ̀n níbi tí a ò ti ní rí ojú ọmọ wa."

Ará àdúgbò pàtẹ́wọ́ nínú ilé wọn. Láti ọjọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ò tún tà mọ́.

Ekwalla gbọ́ orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó sì gbọ́ ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jẹ ẹja. Ó pè é.

"Ìwọ lo ń fẹ́ ẹni tó ń ba ọjà mi jẹ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ekwalla na àpòòwé kan sí i. "Tíkẹ́ẹ̀tì tábìlì iwájú ló wà níbẹ̀, tòun tìyá rẹ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó padà sórí rédíò, kó sọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bó bá ṣe é, màá gbà á ní ìyàwó ilé wa. Bí kò bá ṣe é, kó má ṣe dé ẹnu ọ̀nà mi."

Ká ní Ngalle sọ àpòòwé náà padà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìtàn wa ì bá kúrú. Kò sọ ọ́. Ó rò pé òun ti rí ọ̀nà tí ọwọ́ òun yóò fi tẹ méjèèjì, ilé àti olólùfẹ́. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù oògùn, inú rẹ̀ ń dùn.

Èmi wà níbẹ̀, mo wá ra oògùn ikọ́. Ekedi ṣí àpòòwé náà, ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi rán Ngalle.

"Ngalle. Ìwọ tó o mọ̀ mí."

"Mo rò pé inú rẹ á dùn, olólùfẹ́ mi. Ìwọ àti Màmá á jókòó níwájú..."

"Àwọn tó tẹ̀ lé mi kúrò lórí ìlà nínú òjò ńkọ́? Kí n jókòó níwájú, kí n máa bojú wẹ̀yìn wò wọ́n?" Ó dá àpòòwé náà padà sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹnu mi lẹ wá rà. Máa lọ. Kó o sì wá ibòmíràn ra oògùn."

Ngalle lọ. Ekedi ta oògùn ikọ́ mi fún mi, ó ka ṣéńjì rẹ̀ pé, kó tó fi orí lé èjìká mi. "Àǹtí Dina, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó kàn wí pé, "Ẹja mi ti tán fún ọmọ yẹn."

Ṣùgbọ́n Ngalle kì í ṣe ọmọ burúkú. Tààrà ló gba ilé Ekwalla lọ, ó sì fi àpòòwé náà sórí tábìlì. "Kò gbà á, Bàbá. Kò sì yẹ kí èmi náà mú un lọ."

"Ta ló tọ́ ẹ? Ta ló rán ẹ nílé ẹ̀kọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Títí n ó fi kú, n ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Síbẹ̀, òun ni wọ́n rán lọ pàdé Ngosso ní pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nínú ọkọ̀, Ngalle fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà.

Olórin náà ń wo òde, inú rẹ̀ ń dùn. "Ekwalla ní gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ti tà tán. Àwọn ará Deido ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Wọn ò bọ̀, Bàbá. Àga ló máa gbọ́ orin yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iye tíkẹ́ẹ̀tì, ìlà inú òjò, rédíò, títí kan àpòòwé. Ngosso gbọ́ ọ títí wọ́n fi súnmọ́ ìkòríta wa. Ló bá ní, "Yà sí Deido."

Oòrùn ti ń wọ̀, Màmá Ebenye ń dáná nígbà tí ọkọ̀ náà dúró. Bàbá kan tó ti hewú sọ̀ kalẹ̀. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n Màmá Ebenye kò dìde.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ebenye. Ngosso ni."

"Ngosso wo? Èyí tí mo mọ̀, ọmọ àdúgbò ni. Kì í gba owó kó tó kí èèyàn."

Bàbá náà ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo tọwọ́ bọ ìwé, mi ò sì béèrè ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀bi mi ni." Ó kọjú sí gbogbo wa. "Lọ́jọ́ Àìkú, màá kọrin fún yín ní pápá bọ́ọ̀lù. Lọ́fẹ̀ẹ́!"

Inú wa dùn, a hó yèè. Ohùn kan ṣoṣo ló dá ariwo náà dúró.

"Rárá."

Ekedi ló wí bẹ́ẹ̀. Ó ti dìde, ó fi ọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ la béèrè. A ò tọrọ orin ní Deido. Àwọn tó ń ta gìtá fún yín ní ọmọ nílé bíi tiwa. Iye tí apá òṣìṣẹ́ ká ni kẹ́ ẹ fi sí i, a ó san án, a ó sì yan wọlé."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò rí ọjọ́ tí jíjẹ́ ọmọ Deido dùn mọ́ mi tó ọjọ́ náà. Àwọn tó ti ń hó fún ọ̀fẹ́ ló tún ń pàtẹ́wọ́ fún sísan owó.

Ngosso wò ó dáadáa. "Ta ni ọmọ yìí?"

Ngalle dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ẹni tí mo sọ fún yín ni, Bàbá."

"Èyí tó ń ba ọjà jẹ́?"

"Òun náà ni. Òun náà ni mo sì fẹ́ fẹ́."

"Ẹ gbà mí o!" Màmá Ebenye ju ẹ̀mú ẹja sílẹ̀. "Ẹni tí kò tíì tọrọ àforíjì, ìyàwó ló ń tọrọ!"

Ẹ̀rín gba òpópónà kan. Ngalle kò rẹ́rìn-ín. Ó la àárín wa kọjá, ó dúró níwájú Ekedi.

"Ìtìjú ni mo gbé wá bá ọ lọ́jọ́ yẹn, tí mo pè é ní ẹ̀bùn. Mo ti dá a padà fún ẹni tó ni ín. Dárí jì mí, ayọ̀ mi."

Ekedi mú abẹ̀bẹ̀ iná, ó fi lé e lọ́wọ́. "Máa fẹ́ná. Apá ti ń ro ìyá mi."

Ngalle fẹ́ná títí gbogbo ẹja fi jinná, nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ pàdé àlejò. Kò sẹ́ni tó tún ní ká ṣàlàyé fún òun pé ìjà ti parí.

Ekwalla bínú, ó halẹ̀, ṣùgbọ́n àga tó ṣófo kì í gbọ́ ìhàlẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Ó gbé eré náà kúrò ní gbọ̀ngàn, ó gbé e wá sí pápá wa, ẹgbẹ̀rún méjì fáránkì fún ẹnì kan. Ó dá owó àwọn ará Bonapriso padà, ọ̀pọ̀ wọn sì tún wá bá wa dúró lórí koríko. Tíkẹ́ẹ̀tì tán kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tí Ngosso gbé ohùn sókè, Deido gbà á lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dákẹ́, ó ń gbọ́.

Ekwalla dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo èrò. "Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti wà ní Deido látijọ́?"

"Wọ́n wà níbí, Ọ̀gá," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn."

Kò bá mi jà.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lọ́dún náà, Ekwalla àti àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ wọ sánjà, aṣọ ìró àwọn ọkùnrin wa, wọ́n gbé ọtí àti aṣọ, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn Màmá Ebenye. Màmá jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ kó tó ní kí wọ́n wọlé.

"Ọmọ yín ló bì mí ṣubú lójú gbogbo Douala," ni Ekwalla wí. "Ilé wa nílò irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa."

"Kò ní wá dákẹ́ nílé yín o."

"A mọ̀."

"Bẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí kò tọ́, yóò sọ ọ́."

"Màmá, a ti gbọ́ ọ lórí rédíò."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Ekedi jáde nínú kábà aláwọ̀ búlúù, wọ́n bi í bóyá ó mọ ọkùnrin yìí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mo mọ àṣìṣe rẹ̀, mo mọ àtúnṣe rẹ̀. Òun ni mo yàn."

Ó di ọwọ́ Ngalle mú, wọ́n jáde sí òpópónà níbi tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin. Ó rọra ń rìn kí gbogbo ojú lè yó. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyàwó tó sunkún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ekedi ò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló ń nu ojú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kòkòrò ló kó sí òun lójú, kí ẹnikẹ́ni má wo òun.