Ìdánwò Bọ́ Sọ́jọ́ Mọ̀mí-n-Mọ̀-Ọ́

Ọkùnrin náà pa ojú kan dé, ó fi ìkejì wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lẹ́bàá títì ní Ìkìrun, ó sì ń fọwọ́ júwe fún Ọmọ́dára pé kó kúrò níwájú òun. Ẹrẹ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, òógùn bò ó, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ọmọ́dára, olùkọ́ jọ́gíráfì, ọmọ Inísà tí kì í gba ìgbàkugbà, dúró síbẹ̀ gbọin.

Ó bi í pé ta ló ni títì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n òun ló ń wọ̀n ọ́n lónìí. "Ẹ wá wò ó, àǹtí, kẹ́ ẹ rí ohun tẹ́ ẹ dí mọ́ mi lójú."

Ọmọ́dára fojú sí i. Ó rí i bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́, ó rí i pé gọ́tà tuntun tí wọ́n ń là níbẹ̀ dorí kọ ilé onílé. Ó béèrè ẹni tó yẹ kó ti rí èyí kí wọ́n tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọn tó kàwé ètò ìlú ni, wọn ò sì pọ̀ ládùúgbò wọn. Adépọ̀jù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkukù, iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ètò ìlú yẹn kó sí Ọmọ́dára lórí, kò jáde mọ́. Ká má tan ara wa jẹ, ọkùnrin náà kó sí i lọ́kàn pẹ̀lú.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Ọlánípẹ̀kun, tó fẹ̀yìn tì nípò ọ̀gá ilé ìwé, ti yan tirẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀: másítà nínú ìmọ̀ olùkọ́, èyí tí obìnrin lè máa lọ kà lópin ọ̀sẹ̀ kó sì padà wálé wá dáná. Ọmọ́dára ní ètò ìlú lòun ó kà, ní Ìbàdàn, ọdún méjì gbáko. Bàbá bínú débi pé kò dá a lóhùn ìkíni mọ́. Adépọ̀jù ló dúró tì í. Bó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, á gun ọ̀kadà wá sí Inísà, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jọ máa ka ìwé ìdánwò àbáwọlé. Bí Ọmọ́dára bá gba ìbéèrè tó le, Adépọ̀jù á ní, "Ìyàwó tó mọ̀wé ju ọkọ ẹ̀ lọ." Ọmọ́dára á ní ọkọ wo, ta ló ti fẹ́ ẹ? Báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á, títí bàbá náà fi rọ̀, tó ní kó lọ dán an wò.

Àṣé wàhálà gidi ò tíì dé. Opó ni ìyá Adépọ̀jù, aṣọ ló ń tà ní Òkukù, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ kan ṣoṣo yìí. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pe Ọmọ́dára, ó ní òun ti bá àwọn àgbà ẹbí àwọn ní Ìgbayè sọ ọ́: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọn yóò wá sí Inísà fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdánwò Ìbàdàn. Ọmọ́dára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ tó ń sọ pé rárá? "Ẹ ṣé mà" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyá ti gbọ́ ọ, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ó sì ránṣẹ́ sí Ìgbayè.

Ọmọ́dára gbé e mì, kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ilé ẹ̀kọ́ ò ní torí tirẹ̀ yí ọjọ́ padà. Bí kò bá lọ, ó di àmọ́dún, bí àmọ́dún bá sì bá a pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ńkọ́? Oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tí Sátidé náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sọ fún Adépọ̀jù pé òun ti fi ìdánwò sílẹ̀. Ó rò pé yóò dúpẹ́ ni. Ojú Adépọ̀jù yí padà.

"Nítorí mi?"

"Nítorí wa."

"Irọ́ ni. Bó bá dọjọ́ alẹ́, tó bá ń dùn ọ́, ta lo máa wò bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ? Èmi ni. Mi ò lè fara da ojú yẹn, Dára. Mo fẹ́ràn ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọmọ́dára sunkún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Òkukù. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ò ní lè wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ̀bi òun sì ni tóun ò tètè sọ. Adépọ̀jù dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ò gbójú sókè. Aṣọ kan ló ń ká; ó ká a tán, ó tú u, ó tún ká a.

"Àwọn àgbà Ìgbayè ti gbọ́," ó ní. "Bí wọ́n bá ní ká pe ìyàwó jáde, ta ni kí n pè?"

Adépọ̀jù bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ìyá ní òun ò jẹ́ lọ gba ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu àgbà nítorí ọmọ tí kò tíì wọlé. "Kó máa lọ síbi tó ń lọ. Èmi náà mọ ibi tí mi ò ní í lọ."

Mọ́tò já wọn sílẹ̀ ní Inísà. Adépọ̀jù wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó lọ. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun nìkan ni, òun yóò wà níwájú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní Ìbàdàn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ́dára ń kọ̀wé, ọkàn rẹ̀ wà ní Inísà. Bí ìyá Adépọ̀jù ò bá wá, ó parí nìyẹn; bàbá rẹ̀ ò ní fọmọ fún ilé tí ìyá ò ti fẹ́ ẹ. Ó ṣe é bíi kó dìde kó máa lọ sílé. Ó jókòó, ó kọ ọ́ dé ìparí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ há yín lọ́fun: ó yege, ilé ẹ̀kọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀lé e nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bó ṣe gba fóònù rẹ̀ padà ló pe bàbá rẹ̀. Bàbá ní wọ́n wá. Gbogbo wọn ló wá, ìyá ló sì ṣáájú. Àbúrò bàbá Ọmọ́dára ló fẹ́ da nǹkan rú, tó ń béèrè ibi tí ìyàwó tí wọ́n ń tọrọ wà, ó ní ṣé ọmọ àwọn ti kọ ọkọ ni. Àwọn àgbà Ìgbayè ń wo ara wọn. Ni ìyá Adépọ̀jù bá dìde, ó ní òun lòun rán an níṣẹ́. Ta ló máa bá ọmọ tí ìyá ọkọ rán níṣẹ́ wí? Wọ́n ń bá ètò lọ.

Ní Ìbàdàn, Ọmọ́dára jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ti gbé fóònù fún ìyá náà.

"Ọmọ mi, ṣé o jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ẹ?"

"Mo jẹ́ ẹ, mà."

"Ó dáa. Tètè máa bọ̀. Ọkọ ẹ kọ̀, kò jẹun."